Iṣẹ́ Àṣekún àti Owó Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ti iṣẹ́ àṣekún, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ófátáìmù. Ìbéèrè méjì ni a ó dáhùn. Ìgbà wo ni iṣẹ́ ń di àṣekún? Èló ni ó sì yẹ kí a gbà lé e lórí?

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa pé iṣẹ́ ní ìwọ̀n. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà pàápàá mọ ibi tí iṣẹ́ olówó rẹ̀ mọ. Bí ó bá ti ṣe ìwọ̀n ti òòjọ́ tán, iṣẹ́ ara rẹ̀ ni ó kù. Ẹni tí ó bá sì bá wa ṣe àáró lónìí, a mọ̀ pé a jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba dé, ìjà lórí àkókò bá a dé. Ní ọdún 1897, àwọn lébìrà ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó nítorí pé Gómìnà McCallum fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ wọn padà.

Lónìí, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 1974, ni a ó wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin yìí dá iye wákàtí àti iye owó àṣekún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìpín kẹtàlá rẹ̀ wí ni pé àkókò iṣẹ́ ni èyí tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá jọ fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá wọn dúnàá-dúrà lé lórí. Níbi tí kò bá ti sí ètò ìdúnàá-dúrà, ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ lè dá a. Wákàtí tí a bá ní kí òṣìṣẹ́ ṣe kọjá ìyẹn ni àṣekún. Bí àkókò iṣẹ́ kò bá wá ní ibi tí ó parí sí, níbo ni àṣekún yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Ti ìsinmi ni ìpín náà fi ìwọ̀n sí. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ sinmi, àpapọ̀ ìsinmi náà kò sì gbọdọ̀ dín sí wákàtí kan. Ó sì gbọdọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá gé ọjọ́ yìí kù, kí wọ́n dá a padà láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n san owó àṣekún dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gba N104,000 lóṣù, owó ọdún rẹ̀ jẹ́ N1,248,000. Bí àdéhùn rẹ̀ bá jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ wákàtí 2,080. Pín owó náà sí i, wákàtí kan jẹ́ N600. Bí àdéhùn bá ní kí a fi ìdajì lé owó àṣekún, ó di N900. Wákàtí 10 nínú oṣù di N9,000. Owó ilé ìwé ọmọ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ẹ fetí sí èyí. Òfin náà yọ àwọn alákòóso àti àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú kúrò nínú àwọn tí ó pè ní òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn agogo ìparí, tí ó tún ń máàkì ìwé di òru, má gbójú lé ìpín kẹtàlá. Ìwé àdéhùn rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni òpó tí yóò fẹ̀yìn tì.

Kí ni kí a wá ṣe? Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ owó àti àkókò iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tí ó bá wọṣẹ́. Ẹ bèèrè ìwé yìí. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ bèèrè iye wákàtí àti iye owó àṣekún. Ẹ máa kọ àkókò tí ẹ wọlé àti èyí tí ẹ jáde sílẹ̀. Ẹ má sì dá sọ ọ́; àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí agbanisíṣẹ́ náà má ka owó àṣekún sí ọrẹ. Gbèsè ni.