Ẹ Jẹ́ Kí A Tọ́jú Alààyè Kí A Tó Ṣe Ẹ̀yẹ fún Òkú

(Ọ̀rọ̀ tí Alága ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò òpin ọdún 2025, ní Niangon, Abidjan)

  

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ ìrántí lórí àwọn olókìkí tí ikú mú lọ. N kò lọ sí yunifásítì. Ìdí ọjà ni mo ti gbọ́n, ìwé ìròyìn àti rédíò ni mo fi kọ́ ara mi. Nítorí náà n kò ní lọ jìnnà. Àwọn tí gbogbo wa mọ̀, tí a jọ pariwo orúkọ wọn níwájú tẹlifíṣọ̀n, ni n ó mẹ́nu bà: àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti ọdún 1994.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2025 yìí ni Peter Rufai, aṣọ́lé wa tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Dodo Mayana, dágbére fáyé ní Èkó. Ẹni ọdún 61 ni. Ọmọ ọba ni, ní Ìdìmù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà, ó lè du oyè, ṣùgbọ́n kò du ú. Òun náà jẹ nínú ìyà àjò bíi tiwa, nítorí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ló kọ́kọ́ lọ, níbi tó ti ṣọ́lé fún Dragons de l'Ouémé, kó tó di ará Bẹ́ljíọ̀mù, Potogí àti Sípéènì. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Abidjan lóṣù Kẹrin ọdún 1994, ẹ kò lè gbàgbé. Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Tunis, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀mì ni wọ́n ta, 2-2. Ó di pẹnáritì. Rufai ló wà lójú ilé. Nàìjíríà yege, 4-2. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú abẹ́ aṣọ ni, nítorí àlejò kì í pariwo ju onílé lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, àwọn ọmọ wa na Zambia 2-1, wọ́n sì gba ife. Nígbà tó di ọdún kan náà, wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, èyí tí Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ láti ìgbà tí a ti dáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Nínú àwọn tó lọ sí Amẹ́ríkà nígbà náà, Uche Okafor kú lọ́dún 2011. Rashidi Yekini kú lọ́dún 2012. Thompson Oliha kú lọ́dún 2013. Wilfred Agbonavbare kú lọ́dún 2015. Stephen Keshi kú lọ́dún 2016. Rufai ló tẹ̀lé wọn lọ́dún yìí. Èèyàn mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó pé ọdún 65 nínú wọn. Mẹ́ta nínú wọn ni mo fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí Keshi. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ará Abidjan ni. Lọ́dún 1985, ẹgbẹ́ Stade d'Abidjan níbí ló wá gbá bọ́ọ̀lù fún. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó wà ní Africa Sports. Ibí ló ti kọjá sí Bẹ́ljíọ̀mù, tó sì di èèyàn ńlá ní Anderlecht. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀nà là fún un, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló gba ojú ọ̀nà tó là kọjá. Òun ni balógun ẹgbẹ́ lọ́dún 1994. Òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí Nàìjíríà tún gba ife náà lọ́dún 2013. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n na Côte d'Ivoire 2-1, a sì tún rọra yọ̀ bí a ti máa ń ṣe. (Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn onílé ti gbẹ̀san lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024 ní Ebimpé níbí, 2-1 náà ni.) Ìyàwó Keshi kú ní òpin ọdún 2015. Kò pé oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ tí òun náà fi kú ní Benin City, lẹ́ni ọdún 54.

Èkejì ni Yekini. Lọ́dún 1987 ló kúrò ní Abiola Babes wá sí Africa Sports ní Abidjan níbí. Ó lo bí ọdún mẹ́ta kó tó lọ sí Setúbal ní ilẹ̀ Potogí. Nígbà tí àgbà ń dé sí i, ó tún padà wá gbá fún Africa Sports. Lọ́dún 1993, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà. Òun ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, nígbà tí a na Bulgaria 3-0. Gbogbo wa la rí i bó ṣe di àwọ̀n mú, tó ń sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe parí? Ní ìgbẹ̀yìn, Yekini ń dá gbé ní Ìbàdàn. Ìròyìn gbòde pé ara rẹ̀ kò yá, pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Lọ́jọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ó kú lẹ́ni ọdún 48. Wọ́n sin ín sí Irá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìgbà náà ni ẹnu gbogbo wá là láti yìn ín. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ìgbà tí a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Ẹnì kẹta ni Agbonavbare. Aṣọ́lé ni òun náà, ó sì ṣe gudugudu méje fún ẹgbẹ́ Rayo Vallecano ní Madrid láti 1990 títí di 1996. Nígbà tí bọ́ọ̀lù parí, àrùn jẹjẹrẹ mú ìyàwó rẹ̀. Ó ná ohun tó ní lórí ìtọ́jú, obìnrin náà sì kú. Ọkùnrin tí àwọn èèyàn ti ń ṣọ orúkọ rẹ̀ sókè ní pápá wá di ẹni tó ń gbé ẹrù àwọn èrò ní pápákọ̀ òfuurufú. Kò jalè, kò tọrọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Àrùn jẹjẹrẹ kan náà ló pa á lóṣù Kìíní ọdún 2015, lẹ́ni ọdún 48, ní ilẹ̀ àjèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹnu ọ̀nà kan ní pápá Rayo. Ó dára, ẹ̀yẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kò lè bá aláìsàn ra oògùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí síbí lè sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà ni gbogbo èyí. Ó dára. DJ Arafat tiyín ńkọ́, ọmọ Yopougon níbí? Alùpùpù ló pa á lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, lẹ́ni ọdún 33. Pápá ìṣeré Félix Houphouët-Boigny kún fọ́fọ́ fún ìsìnkú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán ní Williamsville, àwọn kan tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ ṣí pósí láti fi ojú ara wọn rí i. A bínú sí wọn, ó sì yẹ kí a bínú. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè: mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? A kì í lọ wo ojú èèyàn nígbà tó wà láàyè, ìgbà tó bá wọ pósí la máa ń sáré lọ wò ó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ń lọ nìyí. Ẹgbẹ́ àjò kò kẹ̀rẹ̀ nínú ìsìnkú. Bí ẹnì kan bá kú ní Abidjan, láàárín ọjọ́ méjì owó á ti pé, mọ́tò tó máa gbé òkú lọ sílé á ti wà nílẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ á ti jáde. Ó dára, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ìgbà tí ẹni náà bẹ̀rẹ̀ àìsàn? Arákùnrin kan wà lọ́jà tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ará ọjà rò pé ó lọ sílé ni. Inú yàrá ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Onílé rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí, ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n owó tí ì bá gbé òkú rẹ̀ lọ sílé ju owó oògùn rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi gbé ohun mẹ́ta wá síwájú yín kí ẹ dìbò lé lórí lónìí.

Èkíní: kí olúkúlùkù máa dá 500 fàráńsì lóṣooṣù sínú àpò àwọn aláìsàn, lọ́tọ̀ sí owó ìsìnkú. Àwọn àgbà kan ti sọ fún mi pé àwọn èèyàn yóò máa purọ́ àìsàn. Òótọ́ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà a kò ní fi owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sanwó fún ọsibítù àti ilé oògùn, ìwé rẹ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ akápò, ẹnikẹ́ni lè bèèrè láti wò ó.

Èkejì: kí á pín ara wa sí àdúgbò-àdúgbò. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan bá wà ní títì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn ìyá àdúgbò rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí olúkúlùkù kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀ nílé fún akọ̀wé, kó sì jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ mọ ibi tí ìwé ilẹ̀, ìwé ilé àti ìwé báńkì wà. Ohun tí a kò sọ lójú ayé ẹni ló ń di ìjà lẹ́yìn ikú ẹni.

Bí mo bá wá wo ogún tí àwọn olókìkí yìí fi sílẹ̀, n kò rí i pé owó ni. Ọ̀nà tí Keshi là, ọgbọ́n tí Rufai fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ìdùnnú tí Yekini fún wa nígbà tí nǹkan le, iṣẹ́ tí Agbonavbare kò tijú láti ṣe, ìwọ̀nyí ni wọ́n kù. Àwa náà tí orúkọ wa kò dé inú ìwé ìròyìn, tí àwọn onílé kàn ń pè ní Anàgó, a lè fi irú ogún bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ara wa. Ẹni tí a bá gbé dìde lónìí, òun ni yóò jẹ́rìí wa lọ́la.

Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Kí ó má jẹ́ kí a fi àìsàn kékeré sin ara wa. Àjò kì í dùn kí onílé má relé: a ó fi ẹsẹ̀ ara wa rìn relé, a kò ní dèrò inú pósí lójú ọ̀nà.

 Ó kù sí yín lọ́wọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kí a dìbò.