Àjẹsára Ọmọdé: Àǹfààní Òde Òní Tí Ojú Kì Í Tètè Rí

Àǹfààní tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ló máa ń tètè di ohun àìkàsí, àjẹsára ọmọdé sì ni ibi tí èyí ti hàn jù lọ. Ìyá tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, igbe ọmọ àti ara gbígbóná ọjọ́ kan ló rí. Àrùn tí abẹ́rẹ́ náà lé padà kò fojú hàn án. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àǹfààní yìí ti tó ní láti kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ṣànpọ̀nná ni olórí àwọn àrùn náà. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé Olóde ni wọ́n ń pè é, kí wọ́n má baà dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá pa, ẹbí rẹ̀ kì í ṣọ̀fọ̀. Àwọn àwòrò òrìṣà Ṣànpọ̀nná ló ń sin òkú, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù olóògbé. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown ní 1861, fura pé àwọn kan nínú wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ tan àrùn náà kálẹ̀. Ó wọ inú ẹgbẹ́ wọn lọ láti mọ ìdí ọ̀rọ̀, ohun tó rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn fòfin de bíbọ Ṣànpọ̀nná.

Òfin kò pa àrùn náà, abẹ́rẹ́ ló pa á. Ní ìparí 1966, nígbà tí oògùn kò tó gbogbo ènìyàn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Dókítà William Foege àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wá ilé tí àrùn ti yọ kiri, wọ́n sì ń gún gbogbo ẹni tó yí aláìsàn ká lábẹ́rẹ́, kí àrùn má rí ẹni tí yóò ràn. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò káàkiri ayé lẹ́yìn náà. Nàìjíríà rí aláìsàn ìkẹyìn ní 1970, Sòmálíà ní 1977, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ṣíwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àpá rẹ̀ fi wà lápá àwọn àgbà nìkan (àpá kékeré tó wà lápá ọ̀dọ́ òde òní, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni). Bí àpá ti lọ ni ìbẹ̀rù náà lọ.

Èyí tó sún mọ́ ilé jù ni ìtàn Ìmẹ̀sí-Ilé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé Ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ ìlú náà tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrósinmí kì í ṣe orúkọ àbíkú tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Èéyi, ikọ́ líle, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ ló ń pa wọ́n, kì í ṣe àrùn àdììtú kankan. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì dá kílíníìkì sílẹ̀ láàárín ìlú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tó ń ṣàìsàn, níbẹ̀ náà ni èyí tó ń ṣeré ti ń gba abẹ́rẹ́.

Káàdì ni iṣẹ́ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Oṣù ọjọ́ orí ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ara wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí i, wọ́n á sì fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń dá ṣáká. Bí kò bá gòkè mọ́, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ìyá tó rí i lára ọmọ. Ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà nílé, nínú àpò ọ̀rá, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ̀wé kà. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló gba irú káàdì yìí lò. Ìmẹ̀sí-Ilé náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ èéyi wò kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i ní 1963.

Lónìí, ọ̀fẹ́ ni àjẹsára ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló fi ilé ìwòsàn alábọ́dé ṣe ìpìlẹ̀ ètò náà. Ìwádìí 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ti 2023 sí 2024 sọ pé ó ti wálẹ̀ sí 110. Iye yìí ṣì pọ̀ jù, àmọ́ ó jìnnà sí ìdajì.

Àǹfààní tí wọ́n bá kọ̀ máa ń gba owó ìtanràn. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá, Kánò ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, dá àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé ó ń sọni di àgàn. Àrùn náà ti ibẹ̀ ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, títí dé Indonéṣíà ní 2005. Ó di oṣù Kẹjọ 2020 kí Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí pé irú àrùn náà tó ti wà látijọ́ ti tán nílẹ̀ rẹ̀. Kò tọ́, síbẹ̀, láti di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn òbí. Abẹ́rẹ́ tí kò bá sí nínú òtútù máa ń bàjẹ́, iná mànàmáná sì ṣọ̀wọ́n ní abúlé. Ìyá tó rìn dé ilé ìwòsàn tí kò bá nọ́ọ̀sì kò kọ àǹfààní. Àǹfààní ni kò dúró dè é.

Àwọn tuntun ṣì ń dé. Ní ìparí 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ibà ní Kebbi àti Bayelsa. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Èyí ló ṣòro jù láti mọyì, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni jẹjẹrẹ náà fi ń dàgbà nínú ara kó tó yọjú. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń gún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, ilé ìwòsàn alábọ́dé sì wà fún àwọn tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́.