Kí A Tó Kó Ẹrù: Àdúgbò Tó Yẹ Ọlọ́mọ Kékeré

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

   

A ò ní pẹ́ lórí ìdúró. Ìwé mẹ́fà la kà, ọ̀rọ̀ wa ò lè le jù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tòní kan ìsọ̀, ó sì kan yàrá.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti gòkè. Owó ilé náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́mọ ń wá bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Màmá, onílé ti fi kún owó ilé. Ibo la máa kó lọ báyìí?" Àwọn kan ti kó lọ sí Ìkòròdú, àwọn kan Sàngó Ọ̀tà, àwọn kan Agbádó. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń yan ibi tó ń lọ ni a fẹ́ sọ, nítorí pé àwa ìgbìmọ̀ ti gba èèyàn nímọ̀ràn tí kò dáa rí. A fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo yín.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta ata àti tòmátò. A ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́ kí ẹlòmíràn lè gbọ́n. Ọmọ méjì ló bí nígbà náà, mẹkáníìkì ni ọkọ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé, oríṣiríṣi èèyàn ló kún ibẹ̀: Ìgbò, Hausa, Ègùn, àwa Yorùbá náà. Ẹ rántí ìgbà ìbò gómìnà ní oṣù kẹta ọdún 2023, bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ṣe gbóná ní Èkó. Àwọn tó jọ ń pín ọbẹ̀ jẹ wá ń fi ojú burúkú wo ara wọn. Ó dé inú ọjà wa níbí, ẹ ò lè ní ẹ ò rí i.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni onílé fi kún owó. Ó sáré wá bá wa. Kí la sọ fún un? A ní, "Ọmọ, lọ sí ibi tó jẹ́ pé àwọn èèyàn wa nìkan ló wà níbẹ̀, tí ilé ò sì wọ́n. Ọkàn ẹ á balẹ̀." Ó gbọ́ràn, ó kó lọ.

Ilé náà rọjú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde nílé kó tó lè bá ọjà tuntun. Àwọn ará àdúgbò náà ńkọ́? Ọlọ́jà àti awakọ̀ ni gbogbo wọn. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà, kò sí àgbàlagbà kan ní gbogbo òpópónà yẹn. Tí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ọmọ ọdún méje ló ń tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ara èyí àbúrò gbóná, gìrì mú un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sáré láti ẹnu géètì kan sí òmíràn, ó ń kígbe. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ ló gbé àwọn méjèèjì dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ̀ tó gbọ́, nínú ọjà níbí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ńbẹ̀ rí bó ṣe ṣubú lulẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kò fi wá sí ọjà mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, díẹ̀ ló kù kó pàdánù ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé àwọn ará àdúgbò yẹn burú. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, aago kan náà ni wọ́n ń jáde. Tí ẹnì kan ò bá sí nílé, gbogbo wọn ni ò sí nílé. Ohun tí àwa ò rò nìyẹn. Ẹ̀yà la wò, a ò wo ọmọ. A jẹ̀bi, a sì ti bẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí, apá Agbádó ló ń gbé. Nínú ọgbà kan náà, Ìgbò kan tó ń ránṣọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bàbá tíṣà kan, ará Iléṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Ìdomà ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ó ń wà nílé lọ́sàn-án. Ìyá Ègùn kan ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí arábìnrin wa bí ìkẹta, nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́kọ́ rí i pé ojú ọmọ ti ń yí sí yẹ́lò, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bá a mu. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú ọjà níbí náà, ṣebí gbogbo ẹ̀yà là ń tà fún? Owó wọn ò yàtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó ní ọmọ kékeré tó kó ẹrù, kó wo nǹkan márùn-ún yìí.

Èkíní, ẹ ṣírò owó dópin. Ká ní ilé tuntun fi 200,000 náírà dín sí ti àtijọ́ lọ́dún kan. Ká ní owó ọkọ̀ wá fi 1,500 náírà lé lójúmọ́. Ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ọjọ́ 300 nìyẹn. Ó di 450,000 náírà. Ilé tẹ́ ẹ ní ó rọjú ti mú yín pàdánù 250,000. Ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó, ó ń gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oshòdì, Mushin àti Yábà dé Oyíngbò.

Èkejì, ẹ lọ wo àdúgbò náà ní aago méjì ọ̀sán lọ́jọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú kọ́ o, gbogbo èèyàn ló ń wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ta ló jókòó síta? Ṣé arúgbó wà? Ṣé oníṣẹ́ ọwọ́ wà? Ta ló máa gbọ́ tí ọmọ yín bá kígbe?

Ẹ̀kẹta, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ìjọba. Òfin ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó sì di dandan. Ẹ béèrè èyí tí ẹsẹ̀ ọmọ lè rìn dé. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú ẹrù. Wọ́n ń gbà á nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ má jẹ́ kí ìkólọ-kóbọ̀ fi ọ̀kan fo.

Ẹ̀kẹrin, omi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ibi tí omi ń dé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àwọn tó wà lẹ́bàá Odò Ògùn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán. Ilé míì rọjú nítorí omi ni.

Ìkarùn-ún, ìwé. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbọdọ̀ fún un ní rìsíìtì. Òfin náà yọ Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti Ìkẹjà GRA sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ là ń gbé. Tí ìjà bá dé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá èèyàn parí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, òfin ti ibẹ̀ ló máa tẹ̀ lé, kó béèrè dáadáa.

Ní ti ẹgbẹ́, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó lọ, kó wá sọ fún wa, èèyàn méjì máa bá a lọ wo ibẹ̀ lọ́sàn-án. Tí wàhálà ọmọ bá gbé e kúrò lọ́jà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ìsọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ní oníbàárà rẹ̀ lọ́wọ́, kó dá wọn padà fún un tó bá dé.

 Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọmọ wa ra ilé olówó pọ́ọ́kú. Ilé á tura, ọjà á tà.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́.