Ọjọ́ tí Èmi àti Ọmọ mi Gun Òkè Olúmọ

(Ọ̀rọ̀ tí ìyá kan sọ níwájú kíláàsì àwọn àgbà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

Tíṣà wa ní kí n wá sọ ohun kan tí ojú mi rí, kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa sì lè máa kà á. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ. Gaàrí ni mò ń tà. Ṣùgbọ́n n ó sọ bí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣe lọ gun òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta.

Ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tiwa níhìn-ín kò ní òkè. Igbó ni, oko ni, odò ni. Ọmọ tí a bí sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lè dàgbà láì fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta tí ó ga ju ilé lọ. Ọmọ mi ti rí àwòrán òkè nínú ìwé rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. "Màmá, ìgbà wo la máa lọ gun òkè?" Àwọn kan ní kí n mú un lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ọ̀nà sì jìn fún ẹni tí ó fẹ́ sùn sílé. Mo ní ẹ jẹ́ ká ti kékeré bẹ̀rẹ̀.

Ìparí oṣù kẹta la lọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, eruku ti wálẹ̀, igi gbogbo ń rú ewé tuntun. Àsìkò yẹn dára fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, nítorí òjò ńlá kò tíì dé. Mo di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo bu gaàrí àti ẹ̀pà dání, mo sì pọn omi sínú ike méjì. Ohun kan ni n kò rò: bàtà. Sílípáàsì ni mo fi sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ohun tí ó dá sílẹ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí a fi kúrò nílé. A wọ ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, a wọ òmíràn dé Ṣàgámù, láti ibẹ̀ la ti wọ ti Abẹ́òkúta. Ní Kútọ̀ la sọ̀. Àwọn ọlọ́kadà pè wá títí, mo ní rárá, ẹsẹ̀ la bá wá. A rìn gba Ṣápọ́n, a rìn gba Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ ń béèrè gbogbo nǹkan, mo sì ń dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: nílé, bí ó bá bi mí ní ìbéèrè nídìí àtẹ, "Jẹ́ n tajà" ni èsì mi. Lọ́jọ́ náà, kò sí ọjà níwájú mi.

Nígbà tí a sún mọ́ òkúta náà, a rí pátákó kan. Ọmọ fẹ́ kà á fún mi bí ó ti máa ń ṣe. Mo ní, "Dúró ná." Mo fi ìka tọ̀ ọ́, mo kà á. Abẹ́òkúta. Abẹ́ òkúta. Láti kékeré ni mo ti ń pe orúkọ ìlú yìí, n kò fi ọkàn sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí mo fi ojú mi kà á.

A san owó ìwọlé, ọkùnrin kan sì ṣíwájú wa láti fi ọ̀nà hàn wá. Ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn sókè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ní òun kò wá wọ ẹ̀rọ, òkè lòun wá gùn. Ni a bá gba orí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà wọ àárín òkúta méjì, ó há débi pé ẹ ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Òjò ti rọ̀ lóru, ojú òkúta ṣì tutù. Sílípáàsì ọmọ yọ̀. Mo kàn rí i pé ó ń lọ sísàlẹ̀ ni! Ẹ̀wù rẹ̀ ni mo fi ọwọ́ gbá mú. Orúnkún rẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ jáde, ó bú sẹ́kún. Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí bá a wí, pé kí ló dé tí kò wo ilẹ̀. Èmi tí mo fi sílípáàsì sí i lẹ́sẹ̀! Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi. Mo jókòó, mo fi omi fọ ojú ọgbẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ sílípáàsì náà sínú àpò, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán gun èyí tí ó kù. Ẹsẹ̀ lásán di òkúta mú ju rọ́bà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí ó wá bàtà tí ó ní eyín lábẹ́.

Lábẹ́ òkúta náà ni ihò kan wà, ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Ọkùnrin náà fi àwọn kòtò kéékèèké hàn wá lára òkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan ọbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan. Ó dán bí ọlọ ìyá mi. Ọmọ wò yíká, ó ní, "Màmá, ta ni wọ́n ń sá fún?"

Mo lè sọ pé, "Àwọn ọ̀tá ni," kí n sì dákẹ́. Ó ti dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ẹ rántí alẹ́ ọjọ́ tí tíṣà wa túmọ̀ ìwé Àlùfáà Samuel Johnson fún wa níhìn-ín, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Apòmù láàrin Ìjẹ̀bú àti Òwu. Johnson ní lórí ataare ni, ataare owó ẹyọ márùn-ún péré. (Èmi tí mò ń tajà, mo mọ̀ pé ataare nìkan kò lè fa irú ìyẹn. Ìbínú ti wà nílẹ̀.) Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ gbógun lọ sí Òwu, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn baba wa, nítorí a sún mọ́ etí òkun. Òwu fọ́. Ogun náà kò tú ká, ó yí sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, ó ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni Ṣódẹkẹ́ kó wá sí abẹ́ òkúta yìí ní ọdún 1830.

Nítorí náà mo sọ fún un. Mo ní, "Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n sá fún. Àwọn baba wa wà lára wọn."

Ọmọ dákẹ́. Ó wá fà mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣé ọkùnrin yìí mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá?" Ọkùnrin náà gbọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká máa gòkè."

Nígbà tí a dé orí rẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ wa bí ẹni pé yóò gbé wa lọ. Mítà 137 ni wọ́n ní ó fi ga ju ojú òkun lọ. Òrùlé páànù pupa-pupa ló kún ìsàlẹ̀, Odò Ògùn ń lọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké. Mo sọ fún ọmọ pé nínú ìlú yìí ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ Henry Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn kan ní 1859, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Bó bá wà níhìn-ín, ṣé ẹ̀ bá lè kà á?" Mo ní, "Lọ́dún tó kọjá, rárá o."

Ibẹ̀ la ti jẹ ẹ̀kọ wa. N kò ní í pẹ́ lórí bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ọmọ ló ń di ọwọ́ mi mú.

Nínú ọkọ̀, ó sùn kí a tó kúrò nílùú. Ní Ṣàgámù ló jí, ó ní, "Màmá, ta ló wá san owó ataare náà?" Mo ní n ó bi tíṣà wa.

Tíṣà, ọmọ náà ṣì ń retí yín.