Ìwòsàn fún Ẹni Tí Oògùn Di Bárakú Fún

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de kíkó èròjà kódíìnì wọ ilẹ̀ yìí fún ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kódíìnì ti di bárakú fún kò lè rí ìwòsàn nítorí pé kẹ́místì kò tà á mọ́. Ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bò ó, eegun yóò máa ro ó, oorun yóò sì dá lójú rẹ̀ títí yóò fi wá òmíràn lọ.

Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ìjọba wa ṣe, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn ló lo tíramádọ̀, kódíìnì àti irú wọn láìsí àṣẹ dókítà láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí ó gbà pé ọ̀ràn náà ti le débi pé àwọn nílò ìtọ́jú, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló wá a tí wọn kò rí i. Owó dí wọn lọ́wọ́, ojú sì ń tì wọ́n.

Kí ni a ń ṣe fún irú wọn? A ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ nílé, tàbí kí a tì wọ́n mọ́lé. Ewu ńlá sì wà nínú èyí. Bí ara bá ti sinmi oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò lè gba ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí a tú sílẹ̀ tí ó tún padà lo ìwọ̀n àná lè sùn kí ó má jí.

Ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ibùdó kan ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn Fann láti ọdún 2014, tí a ti ń fún àwọn tí hẹróìnì di bárakú fún ní mẹ́tádóònù. Àwọn kan a ní ńṣe ni a gba ògógóró lọ́wọ́ ọ̀mùtí tí a fún un ní ẹmu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ni ó ń wọn oògùn yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pẹ́ lára fún odidi ọjọ́ kan, tí aláìsàn kò fi ní gbọ̀n, tí kò sì ní yó, tí yóò lè lọ sí ibi iṣẹ́. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Ó yẹ kí ìjọba kọ́ àwọn dókítà ní ìtọ́jú yìí ní ìpínlẹ̀ gbogbo, kí owó rẹ̀ wọ inú ètò adójútòfò ìlera, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe ọlọ́pàá sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé ìwòsàn.