CRP rẹ ga: ṣé àtọ̀gbẹ ló ń bọ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń gba ìbéèrè kan náà láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù: "Láàbù ní CRP mi ga, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe?" Àwọn kan tiẹ̀ ti ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ wíwú kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, iṣẹ́ rédíò àti fídíò ni mo ń ṣe. Àmọ́ mo mọ̀ ọ́n kà, mo sì ti jókòó kà á.

Kí ló ń jẹ́ CRP? Tí nǹkan bá dààmú ara, ìbáà ṣe kòkòrò àrùn, ìbáà ṣe ọgbẹ́, ìbáà ṣe erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á dìde. Ibi tí wọ́n ti ń jà á gbóná, á sì wú. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní IL-6. Ẹ̀dọ̀ á wá tú CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis ròyìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lára àwọn tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró ń bá jà. Èéfín ni CRP. Ó ń sọ pé iná wà níbì kan, kò sọ irú iná tó jẹ́. Ẹni tó bá rí èéfín láti ọ̀nà jíjìn kò lè mọ̀ bóyá gààrí ni wọ́n ń yan tàbí ilé ló ń jó.

Kí ló wá pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀gbẹ? Ọ̀rá ikùn ni. Tí ọ̀rá ikùn bá ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun ara á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa jà díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án lóru, láìsí ibà, láìsí ìrora. Ohun tí wọ́n ń tú jáde máa ń dí ínsúlínì lọ́wọ́. Ínsúlínì yìí ló sì ń kan ilẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Bí ilẹ̀kùn bá ń le, ṣúgà á dúró síta.

Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà wo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin kan. Àwọn obìnrin 27,628 ni wọ́n ń tọ́pa fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n mú 188 tí àtọ̀gbẹ padà mú, wọ́n fi wọ́n wé 188 tí kò mú. Àwọn tí CRP wọn wà ní ìdá mẹ́rin tó ga jù ní ewu tó tó ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tó wà nísàlẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò ti ìsanra mọ́ ọn. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí wọ́n ń sọ. Nínú àyẹ̀wò yẹn, tí wọ́n ń pè ní hs-CRP, ohun tó bá ti ju 3 lọ ni wọ́n ń pè ní gíga. Tó bá ju 10 lọ, wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ wá àrùn mìíràn, kí o padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ibà nìkan lè gbé e kọjá 50. Ní agbègbè tiwa yìí, ta ni ẹ̀fọn ò jẹ?

Àǹtí mi kan wà ní Ìnísà, gààrí ni wọ́n ń tà. Láàbù kan gba owó àyẹ̀wò rẹpẹtẹ lọ́wọ́ wọn, CRP wọn jẹ́ 46, wọ́n sì sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà, ẹnì kankan ò wo ṣúgà. Inú bí mi, kí n má purọ́. Nígbà tí a tún un ṣe níbòmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, CRP ti já sí 4. Ṣúgà tí a wò kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀ ló wá jẹ́ 114.

Ẹ fọkàn sí 114 yẹn. Tó bá dé 126 lẹ́ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Láti 100 sí 125, àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní ẹsẹ̀ kan ti wà lójú ọ̀nà. Àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti 110. Èéfín ńlá ọjọ́ kìíní, ti ibà ni. Iná tó yẹ ká bojú tó kò rú èéfín tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ta àgbo ńkọ́? Abẹ́rẹ́ olówó gọbọi kan wà, canakinumab, tí wọ́n dán wò lára àwọn tó ju 10,000 lọ tí wọ́n ti ní ìkọlù ọkàn rí. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017. CRP wálẹ̀ dáadáa, ìkọlù ọkàn dín kù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, kò dá àtọ̀gbẹ dúró. Ẹ wá sọ ohun tí ìgò tí kò ní orúkọ fẹ́ ṣe fún mi.

Ohun tó dín in kù kò tiẹ̀ ní ìgò. Ní 2002, nínú ìwádìí kan lórí àwọn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, ewu tiwọn fi 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn metformin dín tirẹ̀ kù ní 31. Àǹtí mi ní àwọn ti ń rìn lọ́jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ìjókòó ìdí gààrí kọ́ ni ìrìn o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ń rìn láàárọ̀.

Ó ku ẹyọ kan, torí pé AS pọ̀ láàárín wa. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, lè fi ti ẹni tó jẹ́ AS hàn bíi pé ó kéré ju bó ṣe rí lọ. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n wo ti òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun náà. AS ni Àǹtí mi. Oṣù mẹ́ta sí i, a tún ń lọ.