Aṣọ Tí Ń Sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo mú wá bá yín: aṣọ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Makedóníà ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sí láyé àtijọ́.

Àwọn tí ń ka Bíbélì ti mọ orúkọ Makedóníà nínú ìtàn Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì. Ilẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ náà fẹ̀; apá kan rẹ̀ wà ní Gíríìsì lónìí. Orílẹ̀-èdè tí mo ń wí wà ní òkè Gíríìsì lórí àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù. Láti ọdún 2019 ni ó ti ń jẹ́ Makedóníà Àríwá, Skopje sì ni olú-ìlú rẹ̀.

Ẹ̀wù funfun gígùn ni ìpìlẹ̀ ìmúra wọn. Ní ibi púpọ̀, ara ewéko kan ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀. Wọn a rẹ ẹ́ sómi, wọn a lù ú títí èèpo rẹ̀ yóò fi di fọ́nrán, wọn a ran án, wọn a sì hun ún nínú ilé. Irun àgùntàn ni wọ́n sábà fi ń kó iṣẹ́ sí i, gbòǹgbò ewéko ni wọ́n sì fi ń pa á láró pupa.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ni iṣẹ́ ńlá. Ọmọdébìnrin kò ní tíì bàlágà tí ìyá rẹ̀ yóò ti fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe aṣọ tí yóò gbé lọ sílé ọkọ. Wọn kì í kọ́kọ́ ya àwòrán sára aṣọ. Fọ́nrán aṣọ ni ó ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣì í kà, gbogbo ọnà náà yóò wọ́. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n sì ti ń rán ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú aṣọ wà nísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló fi ń rí i.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yóò ka aṣọ náà bí ìwé. Bí ilà ojú ti ń fi ìlú ẹni hàn nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọnà apá ẹ̀wù ń fi abúlé obìnrin hàn lọ́jà. A ó mọ̀ bóyá wúńdíá ni, tàbí ìyàwó tuntun. Ti ìyàwó ni ó máa ń pupa jù, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ki jù; bí obìnrin ti ń dàgbà ni ọnà aṣọ rẹ̀ ń dín kù.

Ní abúlé Galičnik, lórí òkè ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, àwọn ọkùnrin a máa lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ìgbà ọdún Pétérù Mímọ́, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ni wọ́n ń padà wálé, ìgbà náà ni wọ́n sì ń gbéyàwó. Ẹ wo ọmọbìnrin tó fi ìgbà òtútù ránṣọ de ọjọ́ kan péré, tí ọkọ yóò sì tún gbọ̀nà àjò! Títí di òní ni wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ lóṣù Keje, ṣùgbọ́n abúlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà òtútù.

Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, àwọn ọmọbìnrin lọ sílé-ìwé àti sí ilé-iṣẹ́, wọ́n sì ń ra aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ni yóò bá wọn wí? Ẹgbẹ́ oníjó Tanec, tí a dá sílẹ̀ ní 1949, ń wọ aṣọ náà lórí ìtàgé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Skopje sì kó púpọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ inú àpótí kò lè kọ́ ọwọ́ níṣẹ́. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà bá kú tán, aṣọ yóò wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà yín ohun tó ya etù sọ́tọ̀ sí sányán, àti ọjọ́ tí wọ́n ń wọ àlàárì. Ẹ béèrè nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn ṣì wà.